Mo Ti Jẹ Lójú Iná

Àìsàn. Ohun tó pè é nìyẹn. Dókítà kékeré tí mo lè bí ìyá rẹ̀ wò mí lójú kòrókòró, ó ní, "Àìsàn ni, mà," bí ẹni ń sọ fúnni pé òjò ń ṣú. Àìsàn kẹ̀? Èmi tí mo bímọ mẹ́ta, tí mo sì fẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò níbi ìgbẹ̀bí ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta… èmi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi ọ̀pá rìn, tí mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Ó jọ pé àìsàn ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́ ni, wọ́n ń wá ẹni tí wọn ó fi í ta lọ́rẹ.

Ó tilẹ̀ ní orúkọ. Anorẹ́síà. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó fàlà sí i nídìí. Ó dùn lẹ́nu o, mi ò ní í purọ́. Bí mo bá gbọ́ ọ lójú títì, màá rò pé ọmọ ẹnì kan ni wọ́n ń pè, màá sì bi í bí mo ṣe máa ń bi gbogbo ọmọ: ta ló bí ọ, ilé wo lo ti wá?

Yàrá yìí kéré. Àga méjì, tábìlì kan, òṣùwọ̀n tí wọ́n da aṣọ funfun bò ní kọ̀rọ̀ bí ẹni da aṣọ bo òkú. Kọ́tìnnì ojú fèrèsé — ta ló rán etí kọ́tìnnì yìí? Ó ń rìn kiri bí ọ̀mùtí. Tó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ mi ló rán an, á tú u, á tún un rán kó tó jẹun ọ̀sán…

Jẹun. Ó ti dé náà nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ òní, ibẹ̀ náà ló ń padà sí.

Ìwé pé kí n dúró gba ìtọ́jú níbí wà lórí itan mi, ojú ewé méjì, ààyè ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀ ìkejì. Dókítà ti jáde. "Ẹ fara balẹ̀ kà á, mà. Màá padà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń dùn mí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá mú mi ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Àmọ́ wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú bírò. Àkọ́bí mi obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé àpò mi nínú ọkọ̀ — àpò tó ti dì láti ilé láìsọ fún mi! Wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀. Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ń bá àjèjì dìtẹ̀ mọ́ mi.

Àti ohun kan tí dókítà sọ kó tó jáde, tó rọra sọ ọ́, tí mò ń ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. "Ó ti ń rẹ ọkàn yín, mà. Tó bá ń lọ báyìí, mi ò lè ṣèlérí oṣù mẹ́ta fún yín."

Oṣù mẹ́ta. Ta ló bi í?

Gbogbo rẹ̀ kò sì ju ìṣubú lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kúnlẹ̀, mò ń to pín-ìnnì sí etí síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé ọmọ-ọmọ mi, mo kó pín-ìnnì yòókù sáàárín ètè bí mo ṣe máa ń ṣe láti àádọ́ta ọdún. Ilẹ̀ bá yí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yí. Ìgbà tí mo máa lajú, ìka àkọ́bí mi ló wà lẹ́nu mi, ó ń wá pín-ìnnì kiri nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. "Mélòó lẹ kó sẹ́nu? Mọ́mì, mélòó?" Mo ní mẹ́fà. "Márùn-ún ni mo rí o! Áà! Ìkẹfà dà?" Ìkẹfà wà lára síkẹ́ẹ̀tì, ibi tó yẹ kó wà. Iṣẹ́ mi kì í kù síbì kan.

Nígbà tí a dé ibí lọ́jọ́ náà, wọ́n bi í pé kí ni mo jẹ kẹ́yìn. Ó ní, "Pín-ìnnì ni, dókítà. Òun nìkan ni mo rí lẹ́nu wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Ẹnu ọmọ yìí! Ta ló bí i gan-an? Èmi náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ẹnu, kó wá sọ́dọ̀ dókítà kékeré yẹn. Ó na ìka mẹ́ta sókè níwájú mi. Ó ní oríṣiríṣi ló wà. Àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ, Anorẹ́síà tó kọ fún mi nìyẹn, títí ara wọn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù sísanra á ṣì máa bà wọ́n. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ púpọ̀, tí wọ́n á wá fipá dá a padà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní kọ̀rọ̀, tí wọn ò ní lè dúró, tí ìtìjú á sì mú wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan, mà. Oúnjẹ kàn ni ibi tó gbà yọ."

Mo ní, "Ṣé wèrè lẹ fẹ́ sọ pé mo ya ni?"

"Rárá, mà. Bí ojú bá ń dun yín, ṣé wèrè ni?"

Mo ní àìsàn àwọn ọmọge tó ń wo dígí nìyẹn. Ó mi orí. Ó ní àwọn ìyá àgbà ń ṣe é, àwọn ọkùnrin ń ṣe é. "Tàgbà kì í tètè hàn ni. Tí àgbà bá rù, gbogbo èèyàn á ní ọjọ́ orí ni." Ó sọ ọ́, ó wo àkọ́bí mi, ọmọ náà sì wolẹ̀. Kí ló ń wolẹ̀ sí? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó rí i ni — 

Rárá o. Kò sí ohun tí mi ò jẹ́ kó rí.

Ìka kẹta yẹn ni mò ń rò. Ẹni tó ń jẹ ní kọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà tí a jọ dàgbà nínú yàrá kan náà. Wọ̀bìà là ń pè é. Orúkọ rẹ̀ gan-an… ẹ ò rí nǹkan. Ìyá Rẹ́kọ́ọ̀dù ni gbogbo ẹbí ń pè mí, torí pé èmi ni wọ́n ń wá bá bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ẹni tó bí wọn. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì yege. Àmọ́ ti ẹbí, orí mi ni mo kọ ọ́ sí. Síbẹ̀ mo ní láti dúró, kí n dijú, kí orúkọ ọmọ yẹn tó wá sí mi lọ́kàn. Wọ̀bìà ló kọ́kọ́ ń yọjú.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo rí èérún búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo pe gbogbo ilé. "Ẹ wá wò ó o! Ẹ wá wo olè búrẹ́dì!" Wọ́n fa aṣọ ìbora kúrò lórí rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún, ó ń sunkún, ó ń jẹ. Kò lè dúró. Ó ń wò wá, kò sì lè dúró. Ogójì ọdún ni mo fi sọ ìtàn yẹn níbi tí ẹbí bá ti pé jọ, tí mo ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bíi tirẹ̀, tí àwọn èèyàn ń fẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ó wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín náà.

Kò jọ wọ̀bìà, ìsinsìnyí tí mò ń wò ó. Ó jọ ẹni tí nǹkan dì mú.

Mi ò ní í sọ ọ́ mọ́.

Àmọ́ èmi! Kí ló pa èmi àti òun pọ̀? Òun ń jẹ, èmi kì í jẹ. Òun ò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ìjánu tèmi le bí irin. Òdìkejì ara wa ni wá. Dókítà ní ẹbí kan náà ni. Ó ní ilẹ̀kùn méjì sí ilé kan ni. Ó ní…

Ó wá bi mí ní ìbéèrè ẹbí. "Ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tó ti ní irú rẹ̀ rí, mà?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí ò mọ ẹni tó ń bi léèrè. Mo ní rárá, kò sí. Mo kà wọ́n fún un bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, káfíńtà, orí òrùlé ló ti já bọ́. Ìyá bàbá mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó sùn ni, kò jí. Àbúrò mi ọkùnrin, ìjàǹbá ọkọ̀. Ìyá mi, ogbó.

"Ogbó, mà?"

"Ogbó ló pa wọ́n."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi fúnra mi ò tíì gbọ́ ohun tí mo sọ. Ìsinsìnyí tó ti jáde ni mò ń gbọ́ ọ. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Mo fi ọdún mẹ́jọ ju ìyá mi lọ. Báwo ni ogbó ṣe máa pa ẹni tí mo ti jù lọ? Èmi tí mò ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú… ìyá mi ò lè gun àtẹ̀gùn nígbà tí wọ́n máa lọ. Bàbá mi ló ń gbé wọn. Mo rántí. Ọwọ́ kan ló fi ń gbé wọn, wọ́n fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì di fìtílà mú. A ní ẹ wo ìfẹ́. Gbogbo wa dúró nísàlẹ̀, a ní ẹ wo bí ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ta ló kọ "ogbó" síwájú orúkọ ìyá mi? Èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.

Wọ́n máa ń bu oúnjẹ fún wa, àwo máa lọ káàkiri, kò sì ní í sí àwo kankan níwájú wọn. A ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?" Wọ́n á fi etí aṣọ nu ọwọ́. "Mo ti jẹ lójú iná." Ta ló máa jiyàn? Ẹni tó ń se oúnjẹ á máa tọ́ ọ wò, á bu síbí kan, á bu síbí kejì, nígbà tí oúnjẹ á fi jinná, òun ti yó. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti jẹ lójú iná. Ọ̀rọ̀ iyì ni. Obìnrin tó sọ ọ́, iṣẹ́ ilé rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Àmọ́ mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, wọn ò rí mi. Wọ́n bu oúnjẹ kékeré sórí ṣíbí, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n gbé e dé ẹnu. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n wá yí ṣíbí padà sínú ìkòkò, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nu ún. Nígbà tí a jókòó, wọ́n ní àwọn ti jẹ lójú iná. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀. Ṣé mo gbàgbé ni, àbí mo fi pamọ́ fún wọn ni?

Mo bèèrè ilé tí Anorẹ́síà ti wá. Mo ti rí ilé náà o. Ilé wa ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí mi gbé oúnjẹ wá bá mi nílé, mo fi etí aṣọ nu ọwọ́, mo ní mo ti jẹ lójú iná. Ó wo ilé ìdáná. Ó fọwọ́ kan ojú gáàsì. "Iná wo, Mọ́mì? Iná wo? Ẹ ò tan iná látàárọ̀." Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan mi. Mo bínú sí i dé ibi pé mo sunkún nígbà tó lọ. Mo rò pé ìbínú ni.

Ó dáa. Kí n má purọ́ fún ara mi, ẹnì kankan ò kúkú sí níbí. Aránṣọ ni mí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ purọ́. Èjìká tó fẹ̀gbẹ́, mo ń fi fóòmù tì í. Ìyàwó tó ti lóyún kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, mo ń ká aṣọ sí i níwájú tó fi jẹ́ pé ìyá ọkọ á ní ẹ wo bí ìbàdí ọmọ yìí ṣe rí. Ìbàdí gbogbo àdúgbò wà lọ́wọ́ mi, mi ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni rí. Ọgbọ́n kan náà ni mo dá fún ara mi. Bí aṣọ bá ti tóbi, mo ń mú un wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fa apá rẹ̀ gùn, mo gbé ọrùn rẹ̀ sókè, mo fi láínìn sí i nínú, mo fi fóòmù sí èjìká. Mo tún wọ ìpele aṣọ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó yìn mí fún un, torí kò sẹ́ni tó rí i.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì obìnrin bọ́ aṣọ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bọ́ ọ, ó bọ́ ọ, ó tún bọ́ ọ. Àkọ́bí mi wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ojoojúmọ́ lọmọ yìí ń yà wá dì mọ́ mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin. Fóòmù ló ń dì mọ́.

Ọdún mẹ́rin, torí pé ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ kú ló di báyìí. Abẹ́rẹ́ ló máa ń pè mí, nítorí iṣẹ́ mi àti nítorí ara mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fojú kéré mi, á ní, "Abẹ́rẹ́ kéré o, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ." Ọjọ́ kẹta tí àwọn àlejò tú ká, mo se oúnjẹ. Mo bu ún sí àwo méjì. Mo dúró, mo wo àwo méjì… mo da méjèèjì nù. Lọ́jọ́ kejì mi ò se nǹkan kan. Ebi dé, ó pariwo. Mo ní kó máa pariwo. Nígbà tó ṣe, ó rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn. Mo tún wá a lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ohun tó kù láyé ń ṣe mí bó ṣe wù ú, ikú wọlé láìkanlẹ̀kùn, ojú mi ń ṣú lórí abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ẹ̀rọ. Ikùn mi nìkan ló ń gbọ́ tèmi. Mo sọ pé kó dákẹ́, ó dákẹ́. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní àìsàn, kò tíì ní agbára kan rí nìyẹn.

Agbára ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Kò jiyàn, ó kàn bi mí pé, "Ṣé ẹ lè dá a dúró, mà? Bí ẹ bá pinnu lónìí?" Mo ní nígbàkigbà.

Jẹ́ kí n ka ìwé yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn wò. Ẹnì kan tó mọ ètò oúnjẹ á máa ṣe é níwọ̀n, díẹ̀díẹ̀. Ó ti ṣàlàyé ìyẹn: ẹni tí ebi ti pa pẹ́, bó bá jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti rò pé wọ́n fẹ́ kì mí bí ìrọ̀rí ni. Ẹnì kan á tún máa jókòó bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyẹn ò burú, màá kọ́ ọ ní ìtàn ẹbí mi, á gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà kẹrin. "Òṣìṣẹ́ kan yóò jókòó ti aláìsàn nígbà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi jẹ ẹ́ tán, àti fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀."

Áà. Bí ọmọ ọwọ́!

Kí ẹnì kan jókòó, kó máa wo ẹnu mi? Èmi tí kò sẹ́ni tó rí mi jẹun láti… láti ìgbà wo? Mo máa ń bọ́ èèyàn ni, wọn kì í bọ́ mi. Mo bọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo bọ́ bàbá wọn náà ní oṣù mẹ́rin tó kẹ́yìn, ṣíbí kan lẹ́yìn ṣíbí kan. Ojú ò sì tì í. Ọkùnrin tó ga bí òpó iná! Á la ẹnu, á gbé e mì, á ní, "Abẹ́rẹ́, ṣíbí yẹn kún jù, ṣé o fẹ́ gba ilé mi ni?" Á rẹ́rìn-ín, oúnjẹ á ta sí mi lára. Mi ò rí i pé ó kéré nítorí ìyẹn. Kò kéré rárá.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò yá ni. Tèmi yàtọ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé àpò, àkọ́bí mi di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ rán aṣọ fún gbogbo wa. Ìbí, ìgbéyàwó, òkú. Ta ló máa wá rán tiyín tó bá — " Ó gé e síbẹ̀. Ó sáré lọ síbi àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ pariwo tẹ̀ lé e pé mo ti rán tèmi sílẹ̀ tipẹ́, ó wà nínú àpótí. Mi ò pariwo. Mo rántí pé mo ti mú aṣọ òkú mi náà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dáa. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan gbé àwo sórí tábìlì kó tó lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Búrẹ́dì kan tí wọ́n gé, ẹyin sísè kan, ife wàrà kan. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni o, mà." Ọmọ dáadáa. Mo lè jẹ ẹ́. Tí mo bá fẹ́.

Tóò, kí ló dé tí mi ò fi jẹ ẹ́? Ohun tó rọrùn jù lọ nìyẹn! Kí dókítà wọlé, kó bá àwo òfìfo, kí n ní, "Àìsàn yín dà?" Kí n dá ìwé rẹ̀ padà fún un láìfọwọ́sí i, kí n gba àpò mi lọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ ọmọ, kó di ilé. Mo sọ fún un pé nígbàkigbà. Ìgbàkigbà náà ti dé.

Mo fa àwo mọ́ra. Mo gé búrẹ́dì sí méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ. Ó gún régé, ọwọ́ aránṣọ ni. Mo mú ọ̀kan. Ó rọ̀. Òórùn rẹ̀ dé imú mi, itọ́ dà sí mi lẹ́nu bí omi ẹ̀rọ… ebi ò tíì kú, àṣé. Ó wà níbẹ̀. Ó ti ń pè mí látọjọ́ yìí. Ẹyọ kan péré. Kí ló lè fi mí ṣe? Bí ó bá wọlé, kò ní í jáde mọ́. Ó máa dúró sí ìbàdí. Bí mo bá jẹ ọ̀kan, màá jẹ mẹ́jọ, bí mo bá jẹ mẹ́jọ… Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí? Jẹ ẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ò ní í pẹ́ pé. Jẹ ẹ́, jàre, búrẹ́dì ni.

Ó ku méje nínú àwo.

Ó ku méje. Mo jẹ ọ̀kan nìyẹn. Mo ti ṣe é! Wọ́n ní — 

Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Eyín mi gbẹ. Ahọ́n mi gbẹ.

Ankaṣíìfù mi wà lórí itan mi, lábẹ́ ìwé. Ó ti di kókó. Kókó aránṣọ, ìlọ́po méjì, irú èyí tí wọn kì í tú pẹ̀lú ọwọ́ kan. Wọn kì í sì í fi ọwọ́ kan so ó. Ọwọ́ mi méjèèjì ló so ó, mi ò sì sí níbẹ̀.

Mo wo ilẹ̀kùn. Ó tì. Mo wo fèrèsé. Kò sẹ́nì kankan. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Wọn ò ní kí n jẹ ẹ́, èmi ni mo ní màá jẹ ẹ́, èmi ni mo fẹ́ kí àwo náà ṣófo. Ta wá ni mo fi búrẹ́dì yìí pamọ́ fún?

Ta ni mò ń tàn jẹ nínú yàrá tí èmi nìkan wà?

…Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ní agbára yìí, á gbọ́ tèmi. Mo ní kó jẹ́ kí n jẹ. Kò gbọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo rò pé mò ń pàṣẹ fún ikùn mi, ẹlòmíràn ló ń fi ọwọ́ mi ṣiṣẹ́, ó sì mọ ọwọ́ mi lò jù mí lọ. Mo sin ọkọ, ẹsẹ̀ mi ò yẹ̀. Mo dúró níwájú sàréè àbúrò mi, mo ka orúkọ gbogbo ìran wa láìfọ́ ohùn. Ẹ̀rù búrẹ́dì ń bà mí. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù búrẹ́dì kékeré tí kò tó ìka méjì ń bà mí. Ó ba ìyá mi náà, wọ́n dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó wọlé lọ bá wọn. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé.

Màá tún àkọsílẹ̀ ìyá mi kọ. Kì í ṣe ogbó. Àìsàn ni. Ó ní orúkọ, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Tèmi náà ńkọ́? Mo gbé bírò. Mo fọwọ́ sí i, orúkọ mi ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé ìdánwò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lórí ìlà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọwọ́ àgbàlagbà ló kọ ọ́.

Mo tú kókó náà. Ó pẹ́ kó tó tú. Búrẹ́dì ti pẹlẹbẹ, mo dá a padà sínú àwo, ó di mẹ́jọ. Mo wò ó. Ó wò mí. Ìfọwọ́sí yẹn ò yí nǹkan kan padà láàárín wa, mo lè jókòó níhìn-ín dọ̀la, èmi àti òun. Nọ́ńbà kẹrin yẹn… wọn ò kọ ọ́ láti fi mí ṣẹ̀sín.

Mo ń gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àádọ́rin ọdún ó lé kan, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi gbé nǹkan rí. Ohùn mi jáde, kò tilẹ̀ fọ́. Mo ní kó wọlé. Mo ní kó fa àga kejì. Mo ní, "Jókòó tì mí, ọmọ mi. Mi ò lè dá a jẹ."

Ó jókòó, ó sì ń wo imú bàtà ara rẹ̀, kì í ṣe ẹnu mi. Ìyá tó bí i kọ́ ọ.

Mo mú búrẹ́dì kan, mo gbé e dé ẹnu. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń rún un.